Kí ẹ tó lọ TP, ẹ ya ọ̀dọ̀ bàbá ayàwòrán tó wà nítòsí Mayfair

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pín sílé ìwé fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ní Ilé-Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, kí ẹ tó ra àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ tán lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan nítòsí Mayfair. Kò sí pátákó orúkọ níbẹ̀, àmọ́ ẹ ó rí káádíbọ́ọ̀dù tí wọ́n sá sórí okùn níwájú ilẹ̀kùn búlúù. Prámárì kẹta ni mò ń kọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì mi, àwọn tó ń kàwé gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE àti ti yunifásítì, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo sì máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ mi.

Lẹ́sìn nóòtù, ìwé tí ẹ fi ṣètò iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, ni bàbá yìí máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí, wọn ò ní mú pẹ́ńsùlù rárá. Bó bá wà, wọ́n á kà á, wọ́n á ní, "Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe níbí?" Àwọn kan máa ń bínú kúrò níbẹ̀, wọ́n ní àwòrán làwọn wá rà, àwọn ò wá ṣe ìdánwò. Ti bàbá ni mo gbà. Tíṣà tí kò mọ ohun tí ọmọ máa fi ohun èlò ṣe, ògiri lásán ló ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní táàmù tó kọjá, ọmọbìnrin kan fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìdá. Àwòrán ọsàn tí wọ́n là sí méjì ló lọ béèrè. Bàbá ní kó wá páálí wá. Wọ́n fa ìlà róbótó fún un, òun fúnra ẹ̀ gé e, ó pín ọ̀kan sí méjì, ó pín òmíràn sí mẹ́rin, ó kùn ún. Nígbà tó pín in fún àwọn ọmọ, ọmọkùnrin kan tí kì í nawọ́ sókè láéláé to ìdámẹ́rin méjì lé orí ìdajì, ló bá pariwo, "Àǹtí, wọ́n bára mu!" Gbogbo kíláàsì rọ́ lọ wò ó. Sùpáfáísọ̀ tó wá wo bó ṣe ń kọ́ ọmọ wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọbìnrin yìí ò wo nóòtù mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹlòmíràn gbé àwòrán ibi tí oúnjẹ ń gbà nínú ara wá, ó rà á ní títẹ̀, ó ń dán. Ọmọ kan bi í pé omi ńkọ́, ibo ló ń gbà? Ó wo àwòrán, ó wo ọmọ, ó ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ yẹn ò béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Mọdákẹ́kẹ́ níbí kọ́ ló yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1970, ní ilé ìwé prámárì St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn ò rí ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó máa tó wọn lò ní Yorùbá, àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ọ́.

Kì í ṣe torí máàkì TP nìkan ni mo ṣe ní kí ẹ lọ. Ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ ní TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onílé ìwé aládàáni á ní kí ẹ wá kọ́ kíláàsì kan lójú àwọn kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́. Ẹni tó lè fi páálí àti ìdérí ìgò kọ́ ìṣirò, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀.

Owó wọn ò wọ́n: ₦1,500 lórí káádíbọ́ọ̀dù kan tí ẹ bá kùn ún fúnra yín, ₦3,000 tí wọ́n bá ṣe é tán. Wọ́n ń gba tiransífà. Ẹ ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn ṣá o: ó bá ẹnì kan kọ ábídí láìfi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, èmi ni mo fi máákà tún un ṣe kí àwọn ọmọ tó dé. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi ọ̀rá bo ìwé, nítorí náà ẹ mú ọ̀rá dání lásìkò òjò. Tí TP bá ti bẹ̀rẹ̀, èrò á pọ̀ débi pé ẹ lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni kí ẹ lọ, kí tíṣà kíláàsì sì ti fọwọ́ sí lẹ́sìn nóòtù yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago kan ni wọ́n ń tì.