Yíǹkì wo ni kí ẹ rà fún fọ́tò dúdú-àti-funfun?

Mẹ́ta ló wà lọ́jà: dye (yíǹkì tó yòrò sínú omi) inú táǹkì, irú ti ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò Epson L1800 àti L18050, pigment (yíǹkì oníhóró tí kì í yòrò) tó ní dúdú mẹ́ta, ìyẹn dúdú kan àti eérú méjì, irú ti Epson SureColor P700 àti P900, àti yíǹkì kábọ̀nù, irú Piezography, tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ Epson dípò yíǹkì aláwọ̀.

Lórí owó, dye ló rọjú jù, kò sí àríyànjiyàn. Lórí títọ́jọ́, kábọ̀nù ló borí. Dye máa ń tètè ṣá.

Àwọ̀ eérú ni owó ti ń ṣòfò. Dúdú kan ṣoṣo ló wà nínú L1800. Kó tó rí eérú tó fúyẹ́, àfi kó po cyan, magenta àti yellow pọ̀. Àpòpọ̀ yẹn lè jẹ́ eérú gidi lójú fèrèsé, kó di àwọ̀ ewé lábẹ́ iná fluorescent, kó tún pọ́n lábẹ́ gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná. Oníbàárà á gbé fọ́tò olóògbé lọ sílé, á padà dé: "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ti di aláwọ̀ ewé." Ẹ yọ ewé kúrò, ẹ tún un tẹ̀, ó pọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yín. ICC profile, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́ àwọ̀ ẹ̀rọ sọ́nà, kò lè gbà yín, torí irú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló ń rò mọ́. Bí ẹ bá sì ní kí dúdú nìkan ṣiṣẹ́, hóró yíǹkì á hàn wínníwínní ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ojú ọ̀run.

Nínú P700, dúdú àti eérú méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, yíǹkì aláwọ̀ kàn ń tọ́ wọn sọ́nà díẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí: ẹ sọ fọ́tò di Gray Gamma 2.2, kí ẹ yan Printer Manages Colors nínú Photoshop, àti Advanced B&W Photo nínú driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà). Ẹ yan irú pépà tó bá tiyín mu. Bí ẹ bá pe pépà òwú tí kò dán ní pépà dídán, Photo Black (dúdú ti pépà dídán) ló máa lò, dúdú yín ò ní dú. Ẹ fi Neutral (eérú tí kò fà sí àwọ̀ kankan) bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ìlà ìdánwò onípele 21, láti 0 dé 100, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Bí 95 àti 100 bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ sún Tone (bí àwòrán ṣe dú tó) sí fífúyẹ́ ní ìpele kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sún àmì inú rìbìtì aláwọ̀ tó wà nínú driver sí òdìkejì àwọ̀ tí ẹ rí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jìnnà sí àárín: bí yíǹkì aláwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àrùn L1800 á ṣe máa padà. Ìdí nìyí tí Sepia, àwọ̀ búráùn bíi ti fọ́tò àtijọ́, fi léwu.

Kábọ̀nù fúnra rẹ̀ ń fà sí búráùn. Pigment aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń pa á. Ètò kọ̀ǹpútà kan, QuadToneRIP, ló ń darí rẹ̀, pépà kọ̀ọ̀kan sì nílò curve (ìwọ̀n yíǹkì fún ìpele kọ̀ọ̀kan) tirẹ̀. Yíǹkì náà máa ń sìlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ máa mì ín. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò tí yíǹkì ń gbà jáde lè dí. Ẹ̀rọ yẹn ò sì ní tẹ fọ́tò aláwọ̀ mọ́.

Pásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò ayẹyẹ aláwọ̀ lẹ ń tẹ̀? L1800 tó yín. Ẹni tó ń ṣe àfihàn lórí pépà òwú, tó sì ní sùúrù, kábọ̀nù yẹ ẹ́. P700 wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò pépà tí ẹ ń tún tẹ̀ mọ́ owó L1800 kí ẹ tó sọ pé ó rọjú. Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìlà onípele 21 fún yín, kí ẹ gbé e síta nínú oòrùn, kí ẹ tún gbé e wọlé sábẹ́ iná.