Busbar, kébù 35mm àti fíùsì tí mo fi tún bátìrì sólà mi so ní Ìkòròdú: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni busbar kọ́pà méjì (ọ̀pá kọ́pà tí ọ̀pọ̀ kébù ti ń pàdé), kébù 35mm (ìyẹn ni pé ojú kọ́pà inú rẹ̀ jẹ́ 35mm²) àti fíùsì méjì tí mo rà ní ọjà Aláàbà láti fi tún bátìrì sólà ilé mi so. Ilé náà wà ní Ìkòròdú, lápá Ìgbógbó, èmi fúnra mi ni mo sì to ẹ̀rọ sólà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé: páńẹ́ẹ̀lì 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 400, ínfátà 3.5kVA tó ń lo fóòtì 24, àti bátìrì olómi 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, 200Ah. Mo fẹ́ kọ ọ́ kúnnákúnná, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dá bátìrì lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí wáyà ṣẹ̀, tí wọ́n sì ń fi owó ńlá ra bátìrì mìíràn tí wáyà kan náà yóò tún bà jẹ́.

Oníṣẹ́ iná kan ló bá mi parí ìsopọ̀ àkọ́kọ́. Ó so bátìrì méjì-méjì pọ̀ ní series, pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ négétíìfù èkejì, kí ó lè di fóòtì 24, èyí tó fún mi ní ọ̀wọ́ méjì, ó sì wá so ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ ní parallel, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, négétíìfù mọ́ négétíìfù. Títí débẹ̀, kò sí àléébù kankan. Ibi tó ti ṣì í ni pé orí ọ̀wọ́ kìíní, èyí tó sún mọ́ ògiri, ló ti fa kébù méjèèjì tó wọ inú ínfátà, ó sì fi wáyà 16mm tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọ̀wọ́ kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Iná tàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni mo kíyè sí i pé omi ọ̀wọ́ kìíní ń tètè gbẹ. Bátìrì onítúbù máa ń ní ọ̀pá kékeré kan tó ń léfòó lójú ihò rẹ̀ láti fi ibi tí omi dé hàn; ti bátìrì méjì àkọ́kọ́ ti rì dé ibi àmì pupa, ti méjì yòókù sì dúró ṣánṣán bí ìgbà tí mo rà wọ́n. Mo fi ọwọ́ kan lug (irin kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹnu kébù) tó wà lórí pọ́sítíìfù ọ̀wọ́ kìíní lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń lọ aṣọ tí ẹ̀rọ omi sì ń fa omi, mo sì tètè fa ọwọ́ mi padà, nítorí ó gbóná bí etí ìkòkò. Àbúrò ìyàwó mi, tó ń kọ́ṣẹ́ iná, gbé mítà tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú wá lọ́jọ́ kejì. A tan ẹrù tó tó wáàtì 2,000, ó gbá kébù ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú láti wọn iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ wá wò ó. Ampere 55 ló ń jáde níbí, 34 péré ni ti ọ̀hún.”

Bátìrì kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń ru ẹrù èkejì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ọ̀nà tó bá rọrùn jù ni iná máa ń pọ̀ sí. Kébù kọ́pà 35mm tó gùn ní mítà kan ń dí iná lọ́wọ́ tó nǹkan bí ìdajì milliohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́; milliohm jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀), ti 16mm sì ju milliohm kan lọ díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ milliohm mélòó kan péré náà ni bátìrì fúnra rẹ̀ ní nínú, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti lug méjì tí kò fún dáadáa ti tó láti yí ìpín iná padà pátápátá. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń lo iná náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń fi iná kún wọn: ọ̀wọ́ kìíní ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, òun náà ni omi rẹ̀ ń hó jù.

Èyí ló gbé mi dé Aláàbà. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún mi ní kébù kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, owó rẹ̀ sì dínkù gan-an. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ ha ẹnu okùn kan nínú rẹ̀: abẹ́ rẹ̀ funfun bí ìdérí ìkòkò. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tijú láti ha á kí ẹ tó sanwó. Ti ṣọ́ọ̀bù kejì pọ́n dénú, ó sì wúwo lọ́wọ́; òun ni mo rà. Gbogbo owó kébù, busbar, lug àti fíùsì kò tó ìdajì owó bátìrì kan ṣoṣo.

Mo gé kébù mẹ́rin ní 60cm ọgbọọgba, méjì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kìíní sún mọ́ busbar ju èkejì lọ, ọkàn mi sì fẹ́ kí n gé tirẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n gígùn tó dọ́gba ni gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí náà mo ká èyí tó ṣẹ́kù mọ́ ara ògiri. Inú busbar ni gbogbo wọn ti pàdé, ibẹ̀ ni kébù ínfátà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́ méjì péré ló ní, tí owó kò sì tó, lè mú pọ́sítíìfù lórí ọ̀wọ́ kìíní kí ó sì mú négétíìfù lórí ọ̀wọ́ kejì. Ìyẹn náà ń mú kí ìrìn iná dọ́gba.

Fíùsì 125A wà lórí pọ́sítíìfù ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe àṣejù. Bí pọ́sítíìfù àti négétíìfù inú bátìrì kan bá kanra, ọ̀wọ́ kejì yóò da gbogbo agbára rẹ̀ lé e lórí, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró àfi fíùsì. Wọ́n fẹ́ ta breaker iná ilé fún mi dípò rẹ̀, mo kọ̀ ọ́. Iná ìjọba máa ń lọ sódo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà yẹn ni iná tó ń fò nínú breaker ń kú. Iná bátìrì kì í lọ sódo, breaker bẹ́ẹ̀ sì lè máa jó.

Kí a tó so wọ́n pọ̀, mo fi iná kún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí méjèèjì fi sinmi sí fóòtì 25.4. Ọ̀wọ́ tó ti rẹ̀ kò yẹ ní síso lójijì mọ́ èyí tó kún. Mo bọ́ òrùka mi, mo fi téèpù wé ọwọ́ sípánà, mo sì ṣí fèrèsé, nítorí bátìrì olómi ń tú gáàsì tó lè gbiná.

Pẹ̀lú ẹrù wáàtì 2,000 kan náà, mítà sọ 45 àti 44. Mo ní kí àbúrò ìyàwó mi tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, omi bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbẹ pọ̀, lug kò sì gbóná ju ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.

Àléébù rẹ̀ wà. Bóòtì tó bá busbar wá kò ní wáṣà onísípíríńgì, mo ní láti wá a ní Sábó. Lug kan tí mo fi òòlù tẹ̀ dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀lug hu ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé nígbà òjò, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í jìnnà sí wa níhìn-ín. Mo gé e kúrò, mo tẹ òmíràn dáadáa, mo sì fi Vaseline pa á lẹ́yìn tí mo ti fún bóòtì pa. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀bi ọjà náà: bí mo bá tú ọ̀wọ́ méjèèjì síra tí mo sì jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́jú, ti àkọ́kọ́ kì í ju fóòtì 25.1 lọ mọ́ báyìí. Oṣù mẹ́jọ yẹn ti jẹ nínú ẹ̀mí rẹ̀, n kò sì lè ra méjì tuntun sáàárín ogbó.

Ọjà náà dára, n ó sì tún rà á, àyàfi ìdérí ike busbar tó sán ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo rà á. Ike ìgò epo tí mo gé ni mo fi bò ó báyìí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìdérí náà lọ́tọ̀ ní Ìkòròdú, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi.