Ìkìlọ̀: ọ̀dà ni wọ́n fi kun ẹyẹ tí wọ́n fi hàn mí l'Ékìtì!

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kámẹ́rà rìnrìn àjò nítorí ẹyẹ, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń polówó lórí WhatsApp pé òun á mú yín lọ wo Ibadan malimbe nínú igbó kan lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Olè ni. Mo tún un sọ, olè ni!

Ẹ kúkú mọ ẹyẹ náà. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ, kò sì sí níbòmíì láyé àfi ilẹ̀ Yorùbá níbí. Wọ́n ń gé igbó rẹ̀, ó ti di ọ̀wọ́n. Ta ló máa gbọ́ pé ó kọ́ ìtẹ́ l'Ékìtì tí kò ní gbéra?

Ọkùnrin náà gba 85,000 náírà lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò n'Ìkòròdú. Mo dé Ẹ̀fọ̀n, ó tún gba owó baálẹ̀, owó ọdẹ, owó ọ̀kadà, títí kan owó ẹ̀kọ tí ọdẹ máa jẹ láàárọ̀! "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ìdájí, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ, kí n má sún mọ́ ọn, pé ẹyẹ náà ń bẹ̀rù èèyàn. Mo rí i lórí ẹ̀ka: orí pupa, àyà pupa. Àyà mi ń lù kìkì. Mo yà á, mo tún un yà. Kò fò.

Adó ni mo ti gbé fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà. Fọ́nrán òwú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Ìyẹ́ àyà rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Ọ̀dà! Red-headed malimbe ni wọ́n mú, èyí tí pupa rẹ̀ kì í kọjá orí àti ọrùn, tí àyà rẹ̀ dúdú. Wọ́n kun ẹ̀dá Ọlọ́run lọ́dà nítorí owó mi. Ṣé ẹyẹ yẹn á yè?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò ríran. Kùrukùru bo òkè, mo sì jìnnà. Lóòótọ́, ó yẹ kí ẹyẹ tí kò fò ti kọ mí lóminú. Ó yẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi ni, àbí ẹni tó so ẹyẹ mọ́gi?

Èyí tó dùn mí jù: ìyá alákàrà ní gáréèjì wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ẹ ò tíì ṣíwọ́ wíwá?" Àwọn kan ti lọ ṣáájú mi! Ìtìjú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ká ní wọ́n sọ̀rọ̀, ǹ bá má lọ.

Mi ò gba afinimọ̀nà kankan gbọ́ mọ́.

Ẹ béèrè fídíò tí ẹyẹ ti ń fò. Ẹ fi fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ wá orí Google, ẹ lè rí ẹni tó ni ín. Ẹ má sanwó tán. Ibadan malimbe? Igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹyẹ tí kò bá fò, ẹ dìde lọ bá a.

Ẹni tí ọkùnrin yìí ti jẹ lówó, tó ní rìsíìtì bánkì, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Mi ò ní dárúkọ yín. Mò ń lọ sí tésàn l'Ádòó, mi ò sì fẹ́ dá lọ.