Dunkirk: ẹ̀rù ogun pé síbẹ̀, èrò ogun ni ò pé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kí n tó sọ tàwọn tá a jọ wò ó. Fíìmù yìí dáa, ó dáa gan-an ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi táwọn èèyàn ti ń yìn ín ló yẹ kí wọ́n ti yìn ín, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti ń bú u tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti lágbára jù. Dunkirk ni mò ń sọ o, tí Christopher Nolan darí, tó jáde lọ́dún 2017. Ó ti pẹ́ níta, mo mọ̀, àmọ́ ládùúgbò wa ní Tánkẹ́, nílùú Ìlọrin níbí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí i, ìgbà tá a wá jókòó wò ó tán, àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ò tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn tá a jọ wò ó rèé: Bàbá Sójà tí ilé wọn kọjú sí tiwa, wọ́n ti fẹ̀yìntì, bárékè Ṣóbì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, wọ́n sì bá ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà nígbà tí ara ṣì le, ẹ̀gbọ́n mi láti Ọ̀fà tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìtàn, àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì, àtàwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò tó jẹ́ pé fíìmù ogun tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí ẹnì kan ṣoṣo á máa yìnbọn pa èèyàn lọ rẹrẹ tí ọta ò ní ba òun. A tan pùròjẹ́kítọ̀ sára ògiri pálọ̀, a so spíkà ńlá mọ́ ọn, torí wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fi fóònù wo fíìmù yìí ò tíì wò ó. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Fún ẹni tí ò bá mọ ìtàn ọ̀hún, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 1940, Jámánì ti ya wọ Faransé, wọ́n ti lé sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé títí dé etí òkun nílùú Dunkirk, òkun wà níwájú, Jámánì wà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni wọ́n fi ń kó wọn sọdá sí Ìlú Ọba. Àwọn aláṣẹ ò retí ju nǹkan bíi 45,000 lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àmọ́ 338,226 ni wọ́n rí kó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló yani lẹ́nu, ṣé àwa ará ibí ò mọ ohun tí omi máa ń ṣe fún ọmọ ogun tí wọ́n ń lé bọ̀ ni, ó wá rán wa létí ogun Jálumi lọ́dún 1878, nígbà tí àwọn Ìbàdàn lé ọmọ ogun Ìlọrin, tí odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ nítòsí Ìkìrun. Pálọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wa fi ojú míì wo àwọn ọmọ tó tò sétí òkun yẹn.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ bá fíìmù náà jà lé lórí ni pé ẹ̀jẹ̀ ò sí. Lóòótọ́ ni, ẹ ò ní rí ìfun nílẹ̀, ẹ ò ní rí ọwọ́ tó já, kódà ẹ ò ní rí ojú sójà Jámánì kankan dáadáa títí fíìmù á fi parí, òjìji wọn lásán lẹ máa rí níparí. Ọ̀kan nínú wọn ní "ogun wo lèyí, ọ̀tá ò sí ńbẹ̀." Èmi ò gbà fún un rárá. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn sójà mélòó kan ń rìn nínú ìgboro tó dá páropáro, ìwé ń já bọ̀ látojú ọ̀run, ìwé tí Jámánì fi ń sọ fún wọn pé a ti yí yín ká, ẹnì kan ń wá omi mu, ẹnì kan ń wá ṣìgá, ìbọn kàn dún lójijì ni, ẹ ò mọ ibi tó ti wá, gbogbo wọn ṣubú àfi ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ yẹn sáré débi pé èmi náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga. Ọ̀tá tí a ò rí yẹn, òun ló bani lẹ́rù jù.

Ìró ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn, ìró! Wọ́n fún fíìmù yìí ní Oscar mẹ́ta, méjì nínú ẹ̀ torí ìró, ẹ̀kẹta torí bí wọ́n ṣe gé e pọ̀, mi ò sì rí ẹni tó lè bá wọn jiyàn. Báàlù Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Stuka, wọ́n dìídì fi fèrè kan sí i lára tí afẹ́fẹ́ máa ń fọn nígbà tó bá ń já bọ̀ wálẹ̀, kí ẹ̀rù lè ti pa àwọn tó wà nílẹ̀ kí bọ́ǹbù tó dé. Nígbà tí fèrè yẹn kọ́kọ́ dún nínú pálọ̀ wa, àbúrò mi di etí ẹ̀. Àwọn sójà dojú bolẹ̀ lórí yanrìn, bọ́ǹbù wá ń bú tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan, òmíì, òmíì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tá à ń wò yẹn, kò ríbi sá sí, ó kàn dùbúlẹ̀ ni. Bàbá Sójà yí ojú kúrò. Mo ní "Bàbá, ṣé ká pa á ni?" wọ́n ní rárá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìró ló máa ń kọ́kọ́ pa èèyàn. Ojú ò tíì rí nǹkan kan, etí ti gbọ́, ẹsẹ̀ ò sì mọ ibi tó máa gbà." Wọ́n tún ní ohun tí fíìmù yẹn mọ̀ tí ọ̀pọ̀ fíìmù ogun ò mọ̀ ni dídúró, pé ní Làìbéríà ìgbà tí àwọn ń retí ọkọ̀ le ju ìgbà tí àwọn ń yìnbọn lọ. Tó bá jẹ́ pé èmi ló sọ ọ́, àwọn ọmọ yẹn ò ní gbà, àmọ́ ẹnu Bàbá ló ti jáde, wọ́n panu mọ́.

Orin inú ẹ̀ náà tún ń dá kún un. Hans Zimmer ló ṣe é, aago ọwọ́ Nolan fúnra ẹ̀ sì ni wọ́n gba ìró ẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí-tí-tí-tí, kò dákẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń dún àfìgbà tó bá dákẹ́ níparí tí èjìká yín á wá sọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti èrò, torí níbí ni mo ti bínú sí i. 338,226 èèyàn! Ẹni tó bá ti kírun Yídì rí ní Ìlọrin níbí lọ́jọ́ Iléyá mọ bí èrò ṣe ń rí, tó jẹ́ pé ibi tí ojú lè mọ, orí èèyàn lẹ máa rí. Etí òkun inú fíìmù yìí, ìlà mélòó kan ni, wọ́n tò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ààyè gbayawu wà láàárín wọn, yanrìn mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra, ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ṣiṣẹ́ yẹn lé ní 800, ńlá àti kékeré, ìlú Dunkirk ń jó, èéfín dúdú bo ojú ọ̀run, mọ́tò àti ìbọn tí wọ́n pa tì sétí òkun ò lóǹkà, níbo ni gbogbo ẹ̀ wà? Ọkọ̀ ogun inú fíìmù ò ju mélòó kan lọ, báàlù Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré ló gbéra, ilé tó sì wà lẹ́yìn etí òkun yẹn dà bíi ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun.

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ o. Nolan ò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ya èrò, Dunkirk gangan ni wọ́n ti lọ yà á, wọ́n wá ọkọ̀ ojú omi gidi, wọ́n wá báàlù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Spitfire, gidi ni, àwọn kan lára ọkọ̀ kéékèèké tó lọ kó èèyàn lọ́dún 1940 lọ́hùn-ún wà nínú fíìmù yẹn pàápàá, níbi tí èèyàn ò sì ti pọ̀ tó, wọ́n gé páálí bíi sójà wọ́n sì tò ó sọ́nà jíjìn. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, torí nígbà tí báàlù gidi bá fò, ara ẹni tó ń wò ó máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n fi gbogbo èrò yẹn hàn mí, kí n rí i kí n lanu. Wọn ò ṣe é. Ẹni tí ò bá mọ ìtàn tẹ́lẹ̀ máa rò pé ẹgbẹ̀rún mélòó kan ló há síbẹ̀, èmi ò sì rò pé ìyẹn dáa sí àwọn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Bí wọ́n ṣe sọ ìtàn ẹ̀ ló wá pín pálọ̀ wa sí méjì. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà: àwọn tó wà létí òkun lórí afárá gígùn tó wọ inú omi, tiwọn gba ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Dawson, bàbá àgbàlagbà kan tó fúnra ẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré ẹ̀ láti Ìlú Ọba pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ àti ọmọ kan tó ń jẹ́ George, tiwọn gba ọjọ́ kan, àwọn tó ń wa báàlù, tiwọn gba wákàtí kan. Wọ́n wá lọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bíi pé ìgbà kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù níbẹ̀rẹ̀ o, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá ń tẹ fóònù nígbà yẹn ti bọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Sójà kan wà tí Dawson gbé látorí ọkọ̀ tó ti rì, ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ padà sí Dunkirk láé, nígbà tó yá a tún rí ẹni yẹn nínú òkùnkùn, ara ẹ̀ balẹ̀, ó ń pàṣẹ fáwọn tó wà nínú omi. Ariwo ta! "Ẹni yìí kọ́ ló ń gbọ̀n ṣáá!" Àbúrò mi ló là á yé wọn, ó ní èyí ni ọjọ́ tó ṣáájú, bó ṣe rí nìyí kí ọkọ̀ tó rì mọ́ ọn lábẹ́. Èmi kàn jókòó ni, mò ń ro bí èèyàn ṣe lè yí padà bẹ́ẹ̀ láàárín òru kan.

Ibi tó dá mi lójú pé Nolan mọ ohun tó ń ṣe ni ti awakọ̀ báàlù tó já sínú òkun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń fò lókè wò ó, ó rí i tó ń juwọ́, ó ní ah, ó yè, ó bá tiẹ̀ lọ, inú àwa náà dùn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan wọ́n wá gbé wa lọ sínú báàlù yẹn gan-an, ìdérí ẹ̀ há, omi ń wọlé, ó ń gun ọrùn, ọwọ́ tá a rí yẹn kì í ṣe ìkíni o, ọkùnrin náà ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ ni! Mo kígbe. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tẹ̀léra-tẹ̀léra bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn, a ò ní rí ìyẹn. Torí náà ẹni tó bá ní wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀ láìnídìí, mi ò bá a lọ. Èyí tí mo bá wọn gbà ni pé a ò mọ àwọn èèyàn ẹ̀ tó, wọn kì í sọ̀rọ̀, a ò mọ ilé wọn, a ò mọ ìyá wọn, nígbà tí George kú ó dùn mí, àmọ́ kò dùn mí tó bó ṣe yẹ torí mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fi sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n kó yẹn, àwọn Faransé lé ní 100,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Faransé míì ló sì dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń dá Jámánì dúró kí àwọn tó kù lè rí ọkọ̀ wọ̀, Jámánì sì kó wọn lẹ́rú. Nínú fíìmù, wọ́n kàn fi wọ́n hàn fírí níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ kan ṣoṣo tó ń fi ara ẹ̀ pe Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn sójà Íńdíà tó ń bójú tó ìbaaka wà ní Dunkirk lóòótọ́, mi ò rí wọn. Kò ya Bàbá Sójà lẹ́nu, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn lọ sí Bọ́mà nínú ogun yẹn kan náà, pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81, ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà ìgbà yẹn, ọmọ Sàró, inú igbó ni wọ́n ti bá Jàpáànù jà láàárín ọdún 1943 sí 1945, ta ló ń ṣe fíìmù tiwọn? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú wa. Fíìmù tí mo fẹ́ rí jù lọ nìyẹn, kí ẹnì kan tó lówó lọ́wọ́ gbọ́ o.

Ìparí ẹ̀, Farrier tó ń wa Spitfire, géèjì epo ẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ìwọ̀nba epo tó kù síwájú ara ẹ̀, epo wá tán, báàlù ń fò lọ láìsí ariwo, ó tún já Stuka kan bọ́. Àwọn ọ̀dọ́ dìde wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ní báàlù tí ò lépo kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, èmi náà rò pé wọ́n fà á gùn jù, àmọ́ ó dùn mọ́ mi.

Fíìmù náà ò gùn, ìṣẹ́jú 106 ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí i torí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń sáré, orin sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹ wá spíkà tó lágbára, ẹ kó fóònù sápò níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá gba kí omi máa bo èèyàn mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kó ronú dáadáa, torí ìyẹn pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Sójà ti ní ká tún gbé e sí i, àwọn máa pe àwọn ọ̀rẹ́ àwọn tí wọ́n jọ lọ Làìbéríà wá wò ó, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní òun ń bọ̀ láti Ọ̀fà lọ́jọ́ náà.