Ìwé méjì lórí odò Labrador: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin rí ìwé tuntun tí wọ́n gbé wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, odò olótùútù yìí náà ni? Ṣé èyí tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́sí ò tíì tó yín kà ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé kan náà ni mo tún rà. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó rí ohun tí mo ti sanwó fún lẹ́ẹ̀kíní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń rò ó láti ra ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n yára sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ní 1903, ọkùnrin mẹ́ta kó sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, wọ́n gbéra ní abúlé North West River, ní Labrador, lápá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ tó wá di Kánádà lónìí. Leonidas Hubbard, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Outing ní New York, lolórí wọn. Dillon Wallace, lọ́yà, lọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a lọ. George Elson, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Cree, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Scotland, ni amọ̀nà. Adágún Michikamau ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ gba odò George lọ sí Ungava, etí òkun lápá àríwá. Wọn ò débẹ̀. Ebi lé wọn padà, Hubbard sì kú sínú àgọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Wallace ròyìn rẹ̀ nínú The Lure of the Labrador Wild, tó jáde ní 1905.

Mina, opó Hubbard, kà á, inú sì bí i. Lójú tirẹ̀, ìwé yẹn sọ ọkọ òun di aláìlágbára. Lọ́dún yẹn kan náà ló mú Elson àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn, ó lóun ń lọ parí ìrìn àjò ọkọ òun. Wallace náà tún múra. Wallace gbéra lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà, Mina lọ́jọ́ kejì, láti abúlé kan náà! Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni Mina gúnlẹ̀ sí ibùdó ìṣòwò ilé iṣẹ́ Hudson's Bay lórí odò George, níbi tí ìrìn àjò náà parí sí. Wallace ò débẹ̀ àfi lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá. Ìwé Mina, A Woman's Way Through Unknown Labrador, jáde ní 1908.

Tó bá jẹ́ ìwé tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lẹ ń wá, Wallace ni. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ebi. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n padà sí ojú àgọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń ṣa egungun kàríbù (ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín) tí wọ́n ti jù nù nígbà tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n tún ń sè é. Ibi kan wà tí Hubbard gbé agolo músítádì kan dání, tó ń wò ó, nítorí pé ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ni agolo yẹn ti wá. Mo pa ìwé yẹn dé níbẹ̀, mo lọ mu omi. Ti Mina kò ní irú ìyẹn. Ìyẹ̀fun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 180 ló kó dání, ó sì tún gbé ìrọ̀rí. Ẹni tó ti rí ohun tó ṣe ọkọ rẹ̀ kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: máàpù. Ibẹ̀ lowó mi ti ṣòfò.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ti pẹ́ débi pé ní Amẹ́ríkà kò sẹ́ni tó tún ní ẹ̀tọ́ lórí wọn. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lè fi ẹ̀rọ ya ojú ìwé wọn, kí kọ̀ǹpútà bá a kà á, kó sì di ìwé nígbà tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ti ìwé Mina ni mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn 13. Ẹnì kan ń fi síkíì yọ̀ lórí yìnyín níwájú ìwé. (Ẹ̀ẹ̀rùn ni obìnrin yìí wa ọkọ̀ o.) Nínú rẹ̀, àkọlé òkè ojú ìwé ti já wọ àárín gbólóhùn, lẹ́tà m ti di r àti n, àlàyé abẹ́ àwòrán wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí àwòrán. Máàpù kò sí rárá. Mo kọ̀wé sí òǹtajà, ó ní bí ìwé ṣe wà lòun ṣe tà á.

Ẹ lè ní kí ni máàpù kan já mọ́. Máàpù ló pa Hubbard. Odò kan ṣoṣo ni máàpù ìjọba tí wọ́n mú dání yà sórí Grand Lake, adágún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Wọ́n rí ẹnu odò kan, wọ́n wọ̀ ọ́. Susan ni, odò kékeré tó kún fún òkúta, wọ́n sì ń fi ọwọ́ wọ́ ọkọ̀ nínú omi tútù lójoojúmọ́. Naskaupi gan-an, odò ńlá tó yẹ kí wọ́n gbà, wọ́n ti kọjá ẹnu rẹ̀ láìmọ̀. Èsì tí Mina fún gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láìdáa, máàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ni, èyí tí American Geographical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbà wọlé. Ó fi hàn níbẹ̀ pé odò tí wọ́n ń pè ní Northwest àti Naskaupi, ọ̀kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá yọ máàpù yẹn kúrò, adágún, ìtàkìtì omi, gbígbé ọkọ̀ lérí, adágún mìíràn ló kù fún máìlì 576. Èmi ya tèmi sẹ́yìn ìwé owó iná, ó sì já sí yẹpẹrẹ. Mo lọ wo Google. Michikamau ò sí níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni omi ìsédò Smallwood, tí wọ́n ṣe nítorí iná mànàmáná Churchill Falls, ti gbé e mì.

Ti Wallace láìsí máàpù ò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Wọ́n kúkú ṣìnà.

Ìwé Wallace yára, ti Mina lọ́ra níbẹ̀rẹ̀. Wallace tún kọ òmíràn ní 1907 lórí ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan lẹ fẹ́ kà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹni tó fẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tó máa kà tán lópin ọ̀sẹ̀, kó ra Wallace. Ṣùgbọ́n ìwé Mina kó ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Hubbard àti ìròyìn Elson fúnra rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀ ń ra ẹnu mẹ́ta lówó ẹyọ kan. Ibi tí Mina sì ti yọ́ sá fún àwọn ọkùnrin rẹ̀ gun òkè lọ, tí wọ́n ń sáré wá a kiri, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ò lè padà délé láìsí i, mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó lè jẹ́ pé àdúgbò ló ń dà mí láàmú o: Croydon ní London ni mò ń gbé, Coulsdon níbí sì ni ọkọ̀ ojú irin ti pa á ní 1956.

Ẹ̀dà 1908 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ni mo padà rà, pọ́n-ùn 85, pẹ̀lú máàpù tó ń ṣí jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó tó bẹ́ẹ̀, kó wo èyí tí ilé ìtẹ̀wé McGill-Queen's gbé jáde ní 2004, tí Sherrill Grace ṣàlàyé sí. Èyí tó wù kẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí òǹtajà ya fọ́tò máàpù ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ní òun ò rí i nínú ìwé, ó ti dá yín lóhùn.