Giramafóònù Oní-ìwo Tí A Ń Fọwọ́ Lọ́: Bó Ṣe Rí Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, kó mọ̀ pé kò lo iná mànàmáná rárá. Sípíríǹgì tí a fọwọ́ lọ́ ló ń yí àwo. Abẹ́rẹ́ irin á máa tọ ipa ojú àwo, á máa gbọ̀n, á gbọn pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan, ìwo á wá gbé ohùn náà jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: ojú ń rí bí etí ṣe ń gbọ́.

Ohùn ènìyàn ló mọ̀ ọ́n gbé jù. Àwo tí wọ́n ṣe ṣáájú 1925 ló bá a lára mu, nítorí inú ìwo ni olórin ń kọrin sí nígbà náà, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ipa orin sójú ìda. Mo gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò wọ̀ mí lára tó báyìí. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ àti ìlù ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ọdún 1925 ni maikirofóònù dé ilé ìgbohùnsílẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn lórí ẹ̀rọ yìí kan náà.

Thomas Edison, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbohùn sílẹ̀ tó sì tún un gbọ́, ní 1877, lórí tánńganran tín-ín-rín tí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣáájú rẹ̀, Scott de Martinville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya ohùn sórí ìwé tí èéfín sọ di dúdú, àmọ́ kò lè gbọ́ ọ. Ọdún 2008 ni kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ká gbọ́ orin tó yà ní 1860. Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló mú àwo pẹlẹbẹ dé ní 1887. Lójú tèmi, òun ló ṣe olùgbọ́ lóore jù, torí a lè fi òǹtẹ̀ kan tẹ àìmọye àwo. Àwọn tó ń kọrin níbẹ̀rẹ̀ sórí ìda tí Edison fi rọ́pò tánńganran, ńṣe ni wọ́n ń tún orin kan náà kọ léraléra.

Ìnira ẹ̀rọ yìí ni abẹ́rẹ́. Oje kòkòrò ni wọ́n fi ṣe àwo náà, wọ́n wá po lúbúlúbú òkúta mọ́ ọn. Òkúta yìí ló ń lọ ẹnu abẹ́rẹ́ títí yóò fi bá ipa àwo mu. Nítorí náà, ojú àwo kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ kan wà fún, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ lò ó jù bẹ́ẹ̀, àwo ló máa jẹ. Ẹ ra abẹ́rẹ́ púpọ̀. Èyí tó nípọn ń pariwo, èyí tó tín-ín-rín ń rọlẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí a fi ń dín ohùn kù.

Ẹ má gbé àwo fínníìlì, ìyẹn àwo oníke irú èyí tó dé ní 1948, sórí rẹ̀. Apá ẹ̀rọ náà tó di abẹ́rẹ́ mú wúwo ju gíráàmù 100 lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fi ha orin náà dànù. Ẹni tó jẹ́ fínníìlì nìkan ló ní, kó wá ẹ̀rọ mìíràn.