Pọ́ǹpù ọkọ̀ ojú omi fún àpótí iyùn: ẹ rà á nítorí ọ̀rọ̀ iná, ẹ má rà á fún iṣẹ́ tọ̀sán tòru

Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí ná. Àpótí iyùn ni àpótí gíláàsì omi iyọ̀ tí a ti ń sin iyùn alààyè (coral) àti ẹja. Pọ́ǹpù yìí dára gan-an fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yí omi àpótí iyùn rẹ̀ po láti oṣù dé oṣù, kó fi owó rẹ̀ pamọ́.

Bilge pump ni mò ń wí, pọ́ǹpù kékeré oní-12 volt tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó lè máa gbọ́n omi tó bá jò wọlé. Bátìrì mọ́tò lásán ló ń lò, kò bẹ ínfátà. Ní Kúbwá, ní Àbújá, tí mò ń gbé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Iná lè lọ láago mẹ́wàá alẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo òru yẹn sì ni ẹja, iyùn àti bakitéríà inú òkúta á fi máa fa ọ́síjìn inú omi tí kò mira. Ọ̀nà Èkó jìn sí wa, òkun tilẹ̀ tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi iyọ̀ tí a fọwọ́ ara wa pò ni gbogbo wọn ń gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kú, àtirà òmíràn kì í yá.

Èyí tí mo rà, 500 GPH ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó ń ta ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ló fi í sọ́kọ̀ fún mi, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì Útàkò. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó wavemaker gidi, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe láti máa mi omi inú àpótí iyùn. 500 GPH yẹn túmọ̀ sí 500 gálọ́ọ̀nù ti Amẹ́ríkà ní wákàtí kan, nǹkan bí 1,890 lítà. Ẹ má fi gbogbo ara gbà á. Àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù wọ̀nyí máa ń wọ̀n ọ́n láìsí rọ́bà lẹ́nu rẹ̀, láìgbé omi sókè rárá, púpọ̀ nínú wọn sì ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú 13.6 volt, ìyẹn agbára bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Èmi so rọ́bà mọ́ ọn, mo gbé ẹnu rọ́bà sókè níwọ̀n ìdajì mítà, mo jẹ́ kó máa da omi sínú kẹ́ẹ̀gì 20 lítà. Ó lé ní 50 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kún. Kò ju 1,400 lítà lọ ní wákàtí nìyẹn.

Àpótí mi gba 200 lítà. Iyùn fẹ́ kí omi yí po tó ìlọ́po ogún ó kéré tán, ìyẹn 4,000 lítà ní wákàtí, àwọn iyùn eléegun kéékèèké sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà pọ́ǹpù kan ṣoṣo kò tó. Síbẹ̀, kì í ṣe iye omi nìkan ló jẹ mí lọ́kàn, bí omi ṣe ń jáde ni. Mo lọ oúnjẹ ẹja kúnná, mo dà á síwájú ẹnu pọ́ǹpù náà kí n lè rí ọ̀nà tí omi ń gbà. Ó ta lọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọfà, ó gbá gíláàsì ọ̀dọ̀ kejì, ó sì já sílẹ̀. Oúnjẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò tilẹ̀ yẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè ya ẹran ara iyùn hammer, irú iyùn kan tí ẹran ara rẹ̀ rọ̀, tó bá dojú kọ ọ́. Nígbà tí mo ki páìpù PVC tí mo ti lu ihò sí lára bọ ẹnu rẹ̀, omi náà rọ̀, ó tàn káàkiri, àmọ́ agbára rẹ̀ tún dín kù. Wavemaker ní abẹ́bẹ̀ tó ń ti omi púpọ̀ lọ ní fífẹ̀, láìle. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra pátápátá.

Ooru tún ń bẹ. Pọ́ǹpù yìí ń jẹ bí 2 ámpù, ìyẹn bí 24 watt, inú omi sì ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, torí omi náà ló ń tu mọ́tò rẹ̀ lára. Wavemaker tó ń ti 4,000 lítà lè má jẹ tó 10 watt. Ẹni tó bá mọ Àbújá ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin mọ̀ pé a kò nílò ẹ̀rọ tí yóò tún máa se omi fún wa. Bí omi bá ti ń sún mọ́ 30°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, torí àwọn ewé omi tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, tó ń bọ́ ọ, á fi í sílẹ̀.

Ohun tó wá jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba pé ẹ má fi í sílẹ̀ tọ̀sán tòru ni ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin Èkó yẹn fi àlòkù kan tó ti kú kún ẹrù mi, mo sì fi ayùn là á. Brọ́ọ̀ṣì dúdú méjì, èédú tó ń gbé iná wọlé, ló wà nínú mọ́tò náà, sípíríǹgì ń tì wọ́n mọ́ bàbà tó ń yí. Brọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ti jẹ tán. Ìyẹ̀fun dúdú ti pò mọ́ omi iyọ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ọ̀pá inú rẹ̀ ká wọlé, ara bàbà náà sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ohun mìíràn láàárín bàbà yẹn àti omi iyùn yín ju rọ́bà kékeré yẹn lọ. Bàbà díẹ̀ tí kò ní ṣe ẹja ní nǹkan kan ti tó láti pa edé, ìgbín àti iyùn, òkúta inú àpótí á sì tún fà á mọ́ra, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja kò ní brọ́ọ̀ṣì, kò sì ní rọ́bà bẹ́ẹ̀: òòfà ló ń yí nínú omi, wọ́n sì ti fi rẹ́sìn di wáyà rẹ̀ pa. Nínú ọkọ̀, pọ́ǹpù yìí á gbọ́n omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sinmi. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. N kò rò pé brọ́ọ̀ṣì kékeré bẹ́ẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Àmọ́ fún òru tí kò síná, ẹnu mi kò gba àbùkù rẹ̀. Rewáyà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Mechanic Village Àpò ló bá mi so ó, relay mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún (swíìṣì tí iná ń fà fúnra rẹ̀) ló sì lò. Adápítọ̀ 12 volt tí a kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná NEPA (kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ínfátà ń gbé o) ló lọ sí ẹsẹ̀ 85 àti 86. Bátìrì gba fíùsì 3 ámpù kọjá sí ẹsẹ̀ 30. Wáyà pọ́ǹpù wà lẹ́sẹ̀ 87a. Ẹsẹ̀ 87, a fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí iná bá wà, relay á fà, 30 á kúrò lára 87a, pọ́ǹpù á dákẹ́. Bí wọ́n bá ti mú iná báyìí, ẹ ó gbọ́ "tá!", omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀," rewáyà yẹn wí, "òun náà là ń lò fún họ́ọ̀nù. Fíùsì yẹn ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò fún yín." Òótọ́ ló sọ, torí bátìrì tí wáyà rẹ̀ bá kanra láìsí fíùsì lè dáná sun ilé.

Bátìrì 100Ah tí ẹ kò bá fẹ́ lò kọjá ìdajì á gbé e fún nǹkan bí wákàtí 25. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré ló ń fún tèmi lágbára.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Inú sump lèmi gbé e sí, àpótí kejì tó wà lábẹ́ èyí tí à ń wò, lórí pèpéle oníke tó ga ju ojú omi lọ díẹ̀. Bí iná bá wà, ara rẹ̀ gbẹ. Bí iná bá lọ, omi òkè á já wálẹ̀, omi sump á gòkè bò ó nísàlẹ̀, níbi tó ti ń fa omi. Àti pé nítorí pé omi tó ń tì kò tó ti pọ́ǹpù ńlá tó ń gbé omi sump sókè nígbà tí iná bá wà, omi náà kì í sá mọ́ ọn lábẹ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ inú mọ́tò yẹn kò ní rẹ sínú iyọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná bá dé, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kí iyọ̀ má baà gan mọ́ ọn. Kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú omi tí ẹ da fínígà sí, torí ó lè ní gíríìsì lára. Ẹ má ra èyí tó ń dá ara rẹ̀ tàn. Àwọn kan á máa tan ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi wà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí lórí pèpéle gbígbẹ.

Ẹnu rọ́bà rẹ̀ lókè, ẹ má jẹ́ kó ri sínú omi àpótí. Ẹ gbé e ga díẹ̀ kí omi máa já bọ́ sójú omi: ọ̀nà tí ọ́síjìn ń gbà wọlé nìyẹn, àti pé nígbà tí iná bá dé tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, rọ́bà náà kò ní lè fa omi òkè padà sísàlẹ̀ kó kún ilẹ̀ pálọ̀.